Ìwúre fún Àwọn Ọdẹ Àparò ní Ọ̀bà-Àkókó

Olódùmarè, Ọba tó gbé àpáta Àkókó kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú dó sí ìdí rẹ̀, a jí, a kí ọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ọyẹ́ ti gbẹ koríko, ewé ti wọ́ sílẹ̀, ọ̀nà oko tí igbó dí nígbà òjò ti ń là díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ tó ń ṣọdẹ ní Ọ̀bà-Àkókó ti nu ìbọn, wọ́n ti sá ẹ̀tù, àwọn ajá ti mọ̀ pé igbó yá, wọn kò jẹ́ kí ará ilé sùn. Kí oníkálukú tó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀ kí n wúre fún wọn. Ohun tí wọ́n ń wá lọ kò ju àparò lọ. Ohun tí wọ́n lè sọ nù nídìí rẹ̀ kò kéré.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn, ẹ bá mi ṣe àṣẹ.

Mo júbà Ẹlẹ́dàá. Mo júbà Kábíyèsí Ọlọ́bà, tó ni ìlú. Mo júbà olórí ọdẹ àti àwọn àgbà tí ojú wọn ti rí igbó ju tiwa lọ. Mo júbà àwọn tí a ti ṣe ìsípà fún, tí a ti sun ìrèmọ̀jé lé lórí, tí wọn kò bá wa jáde mọ́. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú wa, ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹni tó ṣì ń bọ irin baba rẹ̀, ọ̀nà igbó kan náà ni gbogbo wa ń tọ̀. Kí àdúrà ẹnì kan má ṣe dí ti ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tí a ń ṣọdẹ lórí rẹ̀, ti gbogbo wa ni. Lóòótọ́, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Lóòótọ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ààlà oko rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ọdẹ ti ń gba inú oko ẹni tí kò bá tan kọjá lóru, tí olóko kò sì bá a wí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fọwọ́ kan iṣu tàbí kòkó rẹ̀. Kò sí ọgbà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwà ọdẹ nìkan ni ọgbà tó yí igbó náà ká. Olódùmarè, má jẹ̀ẹ́ kí ọgbà yẹn wó lójú tiwa.

Àṣẹ.

Ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni o gbé wa kalẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni àparò fẹ́. Kì í ṣe ẹyẹ inú igbó dúdú. Ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ tó ń sinmi, ìdí koríko abẹ́ àpáta, ibẹ̀ ló ń gbé. Ẹsẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé ju ìyẹ́ lọ: yóò sáré lọ nínú koríko láìmi ewé kan, àfi ìgbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán ni yóò tó ta fìrì, tí àyà rẹ yóò sì já. Ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ ni akọ máa ń gun orí òkìtì ọ̀gán tàbí orí òkúta, tí yóò máa ké kíkan kíkan bí ẹni tó ń fi ayùn rẹ́ igi. Ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé ibí yìí ti ní ẹni tó ni ín. Àwọn yòókù a gbọ́, wọ́n a dá a lóhùn láti ibi tiwọn, wọ́n a sì dúró síbẹ̀. Ó máa ń wú mi lórí pé ẹyẹ tó wà nínú ìgbẹ́ mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣáájú dé ibì kan.

Igbe yẹn náà ló ń tú u fó. Ẹyẹ kan ké, ọdẹ mẹ́ta gbọ́. Ọ̀kan wà lápá Àkùngbá, ọ̀kan gba ẹ̀yìn oko kòkó yọ, ọ̀kan ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí àkùkọ kò tíì kọ. Gbogbo wọn ló dìde sí igbe kan ṣoṣo. Ọlọ́run, àárín ìgbà tí ẹyẹ náà ké àti ìgbà tí ìbọn yóò dún ni mo fẹ́ kí o wà pẹ̀lú wa. Ní àkókò kúkurú yẹn, jẹ́ kí ẹni tó dé kẹ́yìn rántí pé òun dé kẹ́yìn. Jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ súfèé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Jẹ́ kí ẹni tó rí iná lórí òkè yà sí ìsàlẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé ẹsẹ̀ òun yá ju ti onítọ̀hún lọ.

Àwọn àgbà ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Lẹ́nu ọdẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n ń parí ìjà fún àwọn méjì tí wọ́n jọ yìnbọn sí ẹyẹ kan. Ìwọ tó gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì wálé láti Èkó, ìwọ tó ṣì ń ki ẹ̀tù sí ṣakabùlà tí baba rẹ fi sílẹ̀, orí ilẹ̀ kan náà lẹ jọ dúró lé. Kí owó má ṣe gbé ẹnikẹ́ni gun orí ebè láàárín wa.

Bàbá mi ní ibì kan lábẹ́ àpáta tí gbogbo ilé wa mọ̀ sí tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé e, èmi ni mo gbé àpò. A rìn títí ẹsẹ̀ mi fi kú, ọyẹ́ ń ta mí létí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí á dé ibẹ̀, bàbá mi dúró. Ẹnì kan ti so koríko apá ọ̀tún mọ́ ti apá òsì ní kókó lójú ọ̀nà, ó sì fi ewé tútù kan há a láàárín. Bàbá mi tanná sí i, ó ní, “Ẹnì kan ti wọlé.” Ó yí padà. Inú bí mi: ibi tiwa ni, àparò sì ti ń ké lókè, mo ń gbọ́ ọ ketekete. Ó ní kí n panu mọ́ kí n má baà lé ẹyẹ ẹlẹ́yẹ lọ. A ń padà sílé lọ́wọ́ òfo nígbà tí ìbọn dún lẹ́yìn wa. Bàbá mi dúró, ó kọjú sí apá ibẹ̀, ó ní, “Àrìnpa o!” bí ẹni pé onítọ̀hún ń gbọ́. Ẹni náà ti rí iná wa nígbà tí a yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọdé kan gbé abọ́ wá sílé wa, itan àparò méjì ló wà nínú rẹ̀. Bàbá mi kò bi í pé ta ló rán an.

Ọlọ́run bàbá mi, fún wa ní ojú tó ń rí kókó koríko nínú òkùnkùn. Fún wa ní ẹsẹ̀ tó lè yí padà nígbà tí ẹran ti wà nítòsí. Ọwọ́ tí yóò gbé itan àparò lọ fún ẹni tó yà fún un, kí o bù kún un. Kí abọ́ má ṣe sọnù láàárín ilé ọdẹ àti ilé ọdẹ ní Ọ̀bà. Àṣẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ igbó yìí lónìí kò mọ kókó koríko mọ́. Ọ̀kadà ló ń gbé wọn wá, láti Ọ̀wọ̀, láti Ọ̀kà, láti Ṣúpárè, láti Ìkàrẹ́. N kò bínú sí wọn. Ebi ń pa wọ́n bó ṣe ń pa wá, ẹran ìgbẹ́ sì ń pawó lẹ́bàá títì. Àlejò tí kò mọ àrokò wa, kí Ọlọ́run fún un ní ẹnu láti béèrè. Onílé tí wọ́n bá bi, kí ó fi sùúrù ṣàlàyé, kí ó má ṣe fi àlejò ṣẹ̀sín. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mú dé ibi tí àparò ti pọ̀, kí ó má ṣe fi ọ̀kadà kó ẹlòmíràn padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìtọrọ àyè. Nǹkan kékeré ni èyí lójú ẹni tí kì í ṣe ọdẹ. Mo mọ ọ̀rẹ́ ogún ọdún tí ó tìtorí rẹ̀ bàjẹ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà báyìí, tòlótòló wà nínú igbó, kì í ṣe ti inú àgò nìkan. Nígbà ìrúwé, akọ rẹ̀ a máa ké ní ìdájí bí àparò wa. Ọdẹ yóò fẹ̀yìn ti igi, yóò máa fi ohùn abo tàn án títí yóò fi sún mọ́ ọn. Nínú igbó ìjọba, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ìwé àṣẹ lè wọ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ta ló kọ́kọ́ dé a sì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn náà. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ọdẹ wọn pé kó má ṣe wọ pupa, funfun tàbí búlúù lọ síbẹ̀, torí pé àwọ̀ tó ń yọ lórí akọ tòlótòló nìyẹn. Wọ́n sì ń kọ́ ọ pé kó má ṣe yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá igbe tòlótòló, nítorí ó lè jẹ́ ọdẹ bíi tirẹ̀ ló ń ké.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, àbúrò bàbá mi ni mo rántí. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fún imú ké bí ẹtu tó o. Ó lúgọ ní ẹ̀bá odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké. Ó gbọ́ ewé tó ń rún wọ́wọ́, ó rò pé ẹtu ti ń bọ̀. Ọdẹ mìíràn ló ń bọ̀. Onítọ̀hún ti gbọ́ igbe, ó ti ń sáré kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, ewé mì, ó yìnbọn. Ọta wọ itan àbúrò bàbá mi. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi rìn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹni tó yìnbọn náà gbé e lé ẹ̀yìn dé títì, ó ń sunkún bí ọmọdé. Kò ṣọdẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé méjì ni ọta kan bà.

Olódùmarè, mo kúnlẹ̀ lórí èyí. Má jẹ̀ẹ́ kí á rí ènìyàn kí á pè é ní ẹran. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wa kó pè wá ní ẹran. Ewé tó bá mì, jẹ́ kí á mọ ohun tó mì í kí ìka tó kan ìbọn. Iná orí tó bá tàn sí ojú méjì nínú òkùnkùn, jẹ́ kí á mọ̀ bóyá ojú ẹran ni tàbí ojú ọmọ ẹlòmíràn. Ọkàn tó ń sọ fún ọdẹ pé “yìn ín báyìí, kí làgbájá tó yìn ín,” pa á lẹ́nu mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ìbọn bú mọ́ wa lọ́wọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ọta ṣìnà dé inú oko níbi tí ìyá àgbà ti ń ṣa ẹ̀gẹ́. Ajá tó bá wọ igbó pẹ̀lú olówó rẹ̀, kí wọ́n jọ padà. Obìnrin tó bá se ọbẹ̀ de ọdẹ lálẹ́ òní, kí ọkọ rẹ̀ wá jẹ ẹ́.

Àṣẹ. Ẹ ṣe é sókè. Àṣẹ.

Ti ẹran tí a bá pa ńkọ́? Àṣà wa là á mọ́lẹ̀: ẹni tí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ ba ẹran ló ni í, ẹni tó bá a parí a gba ìpín tirẹ̀. Kí ẹni tó kọ́kọ́ bà á má ṣe ahun. Kí ẹni tó parí rẹ̀ má ṣe purọ́ pé òun kò rí ojú ẹ̀jẹ̀ tó ṣáájú. Bí ó bá di ọ̀rọ̀, kí ó parí ní iwájú olórí ọdẹ, kí ó má ṣe dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ iná ni. Nígbà tí ìdíje bá le, ẹlòmíràn kò ní lè dúró de ẹyẹ mọ́. Yóò ṣá iná sí ọ̀dàn kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan, àparò, awó, ọ̀yà, kí ó máa yìnbọn sí wọn bí wọ́n ti ń sá. Yóò pa mẹ́ta, iná yóò pa àìmọye tí kò sí ẹni tí yóò jẹ wọ́n. Ilẹ̀ ni àparò ń yé sí. Ìtẹ́ rẹ̀ kò lè sá. Iná kì í sì í mọ ààlà: láti ọ̀dàn ni yóò ti wọ oko kòkó olóko, kòkó tí ó gba ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so. Eku tí iná lé kúrò nínú igbó, inú ilé wa ló ń sá wá. Ibà Lásà tí eku ń kó ran ènìyàn ti pa ènìyàn ní Ọ̀wọ̀, ó ti pa ènìyàn ní ilẹ̀ Àkókó, ẹ̀yin náà mọ àwọn tó wà nínú yín tí wọ́n ti sìnkú rẹ̀. Ọlọ́run, ọwọ́ tó bá fẹ́ ṣáná sí ọ̀dàn nítorí ìkánjú, jẹ́ kí ìṣáná rẹ̀ tutù. Bí kò bá tutù, jẹ́ kí ẹni tó dúró ti onítọ̀hún ní ìgboyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà kan, tí ìbọn bá dún ní òwúrọ̀, àwọn ọmọdé a máa dunnú pé ẹran ń bọ̀. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú aládùúgbò wa, ìró ìbọn kan ṣoṣo ti tó láti mú kí ará oko ju ọkọ́ sílẹ̀ kó máa sá lọ. Nínú àwọn ọdẹ wa ni ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti rí ènìyàn gbà nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó dá a sílẹ̀ ní 2020. Wọ́n mọ ọ̀nà igbó, wọ́n mọ ipasẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹran. Ọlọ́run, bo àwọn tó ń ṣọ́ wa lóru. Àwa tí a ń wá àparò ní tiwa, jẹ́ kí á máa sọ fún ará ilé àti olórí ọdẹ ibi tí a ń lọ, kí ìró ìbọn wa má ṣe da oorun ìlú rú. Ẹni tí a bá pàdé nínú igbó, kí á kọ́kọ́ kí i. Ẹni tó bá jẹ́ ọdẹ yóò dáhùn.

Kí àparò má ṣe tán o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tòlótòló igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní Amẹ́ríkà tí mo ń sọ yẹn, wọ́n ti pa á tán pátápátá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní 1937, wọ́n ṣe òfin pé kí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ìbọn àti ọta máa lọ sí títọ́jú ẹran igbó. Wọ́n fi àwọ̀n mú àwọn tó kù láàyè, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti tán, wọ́n sì ní kí ọdẹ má ṣe pa abo nígbà ìrúwé. Lónìí, iye wọn ti wọ mílíọ̀nù. Àwọn ọdẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán, àwọn ọdẹ náà ló san owó tí wọ́n fi dá a padà. Olódùmarè, fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sí ọkàn àwọn tó ń ṣàkóso wa ní Àkúrẹ́ àti ní Àbújá. Ní tiwa, kí a tó rí ìjọba, àparò tí a bá bá lórí ẹyin rẹ̀, kí á fò ó kọjá. Ẹyin tí ọmọdé bá rí nínú koríko, kí ó fi í sílẹ̀. Ilé ti ń gbilẹ̀ láti ìgbà tí yunifásítì Adékúnlé Ajásin ti dé Àkùngbá. Ibi tí bàbá mi ti ń gbọ́ àparò nígbà yẹn, ẹ lè máa gbọ́ ẹ̀rọ amúnáwá níbẹ̀ lónìí. Èyí tó kù fún wa, jẹ́ kí ọmọ tí wọn kò tíì bí bá a níbẹ̀, kí òun náà jí ní ìdájí, kí ó gbọ́ ọ lórí òkúta.

Ẹ ń gbọ́ ọ? Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń ké lápá òkè, ọ̀kan ń dá a lóhùn lẹ́yìn oko.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣáájú. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe kọjá wọn lójú ọ̀nà. Ẹni tí yóò gba òkè, kí ó wí báyìí kí gbogbo wa gbọ́. Ẹni tí yóò gba ìsàlẹ̀, kí òun náà wí. Olódùmarè yóò ka yín bí ẹ ti ń lọ, yóò ka yín bí ẹ ti ń bọ̀, iye kan náà ni yóò bá.

Àrìnpa o!

Àṣẹ.